Ẹ Fi Èsì Han Akẹ́kọ̀ọ́, Kí Ẹ Fi Ìparí Ọ̀rọ̀ Pamọ́

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, kò sì tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Olórí ẹ̀ka wa ní kí n má fi háńdáàtì nìkan kọ́ wọn mọ́, kí n máa jẹ́ kí wọ́n ka pépà tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn kọ. Mo fún wọn ní mẹ́ta ní sáà tó kọjá. Ìsọníṣókí tó wà níwájú pépà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn dà kọ wá fún mi. Àwọn mìíràn ní kí fóònù bá wọn kà á. Wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ, dátà wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì inú pépà le, iná kò sì dúró. Ṣé kì í ṣe pé nǹkan àwọn tó ń ka másítàs ni mò ń gbé fún ọmọdé? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni kí n ṣe é? (Olùkọ́ kan, Kàbà)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àforítì. Ẹni tó ń kọ́ ju ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ nínú yàrá kan, tó tún ń dààmú pé ohun tí wọ́n kà kò dénú wọn, olùkọ́ gidi nìyẹn. Inú mi dùn pé ẹ béèrè.

Rárá, pépà ìwádìí kì í ṣe ti àwọn tó ń ka másítàs nìkan. Ọmọ ọdún kejì lè kà á, ọmọ ọdún kìn-ín-ní pàápàá lè kà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé a máa ń gbé odidi pépà lé ọmọ lọ́wọ́, a ó ní, "Lọ kà á, kí o wá sọ ohun tó wí fún mi." Ìbéèrè yẹn ló bí ìdàkọ. Ohun tí pépà wí, àwọn tó kọ ọ́ ti sọ ọ́ tán nínú ìsọníṣókí, ní Gẹ̀ẹ́sì tó dára ju èyí tí ọmọ lè kọ lọ. Ọmọ tó dà á kọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó dáhùn ohun tí wọ́n bi í ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ gbé ohun tí onímọ̀ náà rí síwájú ọmọ, kí ẹ fi ohun tó ní ó túmọ̀ sí pamọ́, títí ọmọ náà yóò fi sọ tirẹ̀.

Ẹ wo bí háńdáàtì ṣe rí. Ìdájọ́ ló ń kà sí ọmọ létí. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gba àbùdá fòníkú-fọ̀ladìde lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á, ó sì tán síbẹ̀. Pépà ni ẹjọ́ gan-an. Inú rẹ̀ la ti ń rí ẹni tó pe ẹjọ́, ohun tó ní òun rí, ẹlẹ́rìí tó mú wá, àti ibi tí ọwọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò dé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Síbẹ̀, ìdájọ́ là ń ní kí àwọn ọmọ wa há sórí láti ìwé mẹ́wàá títí wọn yóò fi gba oyè, wọn kì í jókòó ti ẹjọ́ kankan rí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jáde láìmọ bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irú pépà tí ẹ ó mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á mú èyí tó lókìkí. Èyí tí mo ń rí jù ni ti James Watson àti Francis Crick lórí bí DNA, ohun tó ń gbé àbùdá láti ara òbí sí ọmọ, ṣe rí, tó jáde nínú Nature ní oṣù kẹrin ọdún 1953, nítorí pé kò ju ojú ìwé kan àti díẹ̀ lọ. Pépà ńlá ni, ṣùgbọ́n n kò ní fi bẹ̀rẹ̀ láé. Kò sí àtẹ nọ́ńbà kan nínú rẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn sì ní àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ̀rí tó gbé e ró wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, pàápàá Rosalind Franklin àti Raymond Gosling, tí pépà tiwọn tẹ̀lé e nínú ìwé kan náà. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń ka fọ́tò X-ray kò ní rí ohun bá fà níbẹ̀. Yóò kàn gbà ni, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń gba háńdáàtì.

Pépà tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ni ti Anthony Allison, tó jáde nínú British Medical Journal ní oṣù kejì ọdún 1954. Ọ̀rọ̀ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti ibà ló wà nínú rẹ̀. Mo mú un nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ṣàṣà ni ọmọ tó wà ní kíláàsì yín tí kò mọ jẹ́notáìpù ara rẹ̀, tàbí tí kò mọ ẹni tí AS àti AS ti da ìgbéyàwó rẹ̀ rú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó la ẹnu, wọ́n ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀.

Allison yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 290 wò láàrin àwọn Baganda, ní agbègbè Kampala ní Ùgáńdà. Ọmọ oṣù márùn-ún sí ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Ohun méjì ló wò lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: ṣé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń tẹ̀ bí dòjé, ṣé kòkòrò ibà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Nínú àwọn 43 tí ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tẹ̀, irú àwọn tí à ń pè ní AS, 12 ni wọ́n bá kòkòrò ibà lára wọn. Nínú àwọn 247 tí tiwọn kì í tẹ̀, 113 ni.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má sọ àkọlé pépà náà. Ẹ má dárúkọ Allison. Ẹ wọlé, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sára pátákó: 12 àti 31 lápá kan, 113 àti 134 lápá kejì. Ẹ sọ ẹni tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́, ẹ sọ èyí tó ní kòkòrò ibà àti èyí tí kò ní, kí ẹ wá bi wọ́n pé, "Kí ni ẹni tó ka àwọn ọmọ yìí fẹ́ mọ̀?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn le fún olùkọ́, pàápàá nígbà tí ogójì ojú ń wò ó tí àwọn tó kù ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara dà á. Ẹnì kan yóò sọ̀rọ̀.

Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé 113 pọ̀ ju 12 lọ. Kí ẹ tó dáhùn, ẹlòmíràn yóò ti ní àwọn yẹn ló pọ̀ ju àwọn yìí lọ látilẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti wọlé láìsí pé ẹ pè é. Wọ́n á pín in, wọ́n á rí 27.9 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ dòjé, 45.7 fún àwọn tó kù. Ẹ wá bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe orí ló bá àwọn 43 yẹn ṣe é. Wọ́n ti kọ́ chi-square, ìṣirò tó ń wò bóyá ìyàtọ̀ kan ju èèṣì lásán lọ, ní kíláàsì ìṣirò, wọ́n ti há fọ́múlà rẹ̀ sórí, ọ̀pọ̀ kò sì mọ ohun tí a fi ń ṣe. Kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é. Wọ́n á rí nǹkan bíi 4.75, èyí tó ju 3.84 tí a fi ń díwọ̀n lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ó jù ú lọ, àmọ́ kò jù ú lọ jìnnà. Ẹ̀rí ni, kò tíì jẹ́ àrídájú. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìyàtọ̀ yẹn ti kọ́ ohun tí háńdáàtì ogún ojú ìwé kò lè kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nínú pépà náà: kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún sí ọdún márùn-ún? Kí ló dé tí kò mú ìkókó? Kí ló dé tí kò mú bàbá àti ìyá wọn? Ìwé ẹ̀kọ́ kì í sábà béèrè èyí, nítorí pé ìwé ẹ̀kọ́ kì í sọ ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà ní Ìyàrá tàbí Mọpà mọ̀ pé ọmọdé ni ibà ń pa, àgbàlagbà á ru ibà lọ́jọ́ Ajé, á sì wà lóko lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí ó ti ibẹ̀ ronú wá. Ìkókó ṣì ní ààbò tí ìyá rẹ̀ fún un nínú ẹ̀jẹ̀. Àgbàlagbà, ẹ̀fọn ti jẹ ẹ́ títí tí ara rẹ̀ fi kọ́ bí a ṣe ń bá ibà jà, bóyá ó ní ẹ̀jẹ̀ dòjé tàbí kò ní. Àárín àwọn méjèèjì nìkan ni ìyàtọ̀ ti lè hàn kedere. Tí wọ́n bá dé ibẹ̀ fúnra wọn, ẹ ó rí i lójú wọn.

Ẹ má dúró níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ta ko pépà náà. Ṣé kò lè jẹ́ pé ilé àwọn 43 yẹn jìnnà sí àbàtà? Ṣé kò lè jẹ́ pé ìyá wọn ń fún wọn lóògùn? Kíka iye ọmọ lásán kò lè dáhùn èyí. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbèrò àyẹ̀wò tó kàn tí àwọn ì bá ṣe. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn tó kù.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ ohun tí Allison ṣe. Ó mú ọgbọ̀n ọkùnrin ẹ̀yà Luo ní Kẹ́ńyà tó yọ̀ǹda ara wọn, àwọn tó ti kúrò ní ibi tí ibà wà fún oṣù 18 ó kéré tán. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹ̀jẹ̀ dòjé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní. Ó mọ̀ọ́mọ̀ kó ibà ràn wọ́n. Nínú àwọn tí kò ní, 14 ni kòkòrò ibà fara hàn lára wọn. Nínú àwọn tó ní, méjì péré ni.

Kíláàsì yóò dàrú, ẹ jẹ́ kó dàrú. Àwọn kan á wo nọ́ńbà náà, wọ́n á ní ẹ̀rí dé wàyí. Àwọn kan á bínú pé wọ́n fi ibà sí ènìyàn lára. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, kíláàsì sáyẹ́ǹsì sì gbọ́dọ̀ gba àwọn méjèèjì. Kẹ́ńyà wà lábẹ́ ìjọba amúnisìn nígbà náà. Ẹni tó ní òun yọ̀ǹda ara òun lábẹ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ rò pé ó lè kọ̀? Kí ni a gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó fọwọ́ sí i? Lónìí, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ọmọ tó bá ti jiyàn lórí èyí nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún kò ní fojú yẹpẹrẹ wo ìwé ìyọ̀ǹda nígbà tí òun náà bá di nọ́ọ̀sì tàbí olùwádìí. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tó dára tó èyí láti kọ́ ọmọ ní ìwà inú iṣẹ́ yìí.

Tí àyè bá wà, ẹ fi pépà tuntun kan tì í. Thomas Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Kilifi ní etíkun Kẹ́ńyà, ó sì jáde ní 2005. Wọ́n rí i pé AS dín ibà wẹ́rẹ́ kù ní nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dín ibà tó ń gbé ọmọ dé ọsibítù kù ní ìdá 75, ó sì dín ibà líle tó ń pa ọmọ kù ní nǹkan bí ìdá 90. Ẹ kọ 50, 75, 90 sí ìlà kan, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí ìtẹ̀gùn yẹn fi hàn. Bí ibà bá ṣe le tó ni ààbò náà ṣe ń lágbára tó. Ohun tí Allison rí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Kampala kò tíì lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó rí i pé pépà kan pere ti gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mẹ́ta tí ẹ fún wọn ní sáà kan pọ̀ jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n jẹ ẹ́ dé eegun.

Bí ẹ bá ní àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, bí irú wọn ṣe pọ̀ ní Kàbà, ẹ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́. Kòkòrò funfun kan tó ń jẹ́ Phenacoccus manihoti wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó sì ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Hans Herren àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, wá agbọ́n kékeré kan láti ibi tí kòkòrò náà ti wá, agbọ́n tó ń yé ẹyin sínú rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize lórí rẹ̀ ní 1995. Ìtàn yẹn dùn, ṣùgbọ́n ìtàn kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ wọn. Ẹ wá pépà tí wọ́n ti dán agbọ́n náà wò nínú oko. Wọ́n fi àpò aṣọ bo orí ẹ̀gẹ́ kan pátápátá kí agbọ́n má baà wọlé. Wọ́n fi àpò kan náà bo òmíràn ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò bo àwọn yòókù rárá. Ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni àpò tó ṣí ẹnu wà fún. Ọ̀pọ̀ yóò ní kò wúlò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìjàdù títí ẹnì kan yóò fi rí i pé ooru àti òjìji inú àpò nìkan lè mú kòkòrò pọ̀ sí i, àti pé láìsí àpò tó ṣí ẹnu, a kò ní mọ̀ bóyá agbọ́n ló ṣiṣẹ́ tàbí àpò. Oko ilé ẹ̀kọ́ yín tó láti tún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ̀lú aṣọ àwọ̀n.

Nípa iye wọn àti dátà: ẹ má fi pépà ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, bébà kan. Nígbà tí ẹ bá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fotokópì, ẹ fi bébà funfun bo àkọlé, orúkọ àwọn tó kọ ọ́, ìsọníṣókí, àti apá ìparí tí wọ́n ti ń jíròrò èsì, kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àtẹ àti àwòrán ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, ọ̀nà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà gbà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìjíròrò kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ àfi nígbà tí wọ́n bá ti kọ tiwọn. Àwọn ọmọ kò nílò iná, wọn kò nílò dátà, owó fotokópì kò sì tó ti háńdáàtì tí wọ́n ń rà.

Nípa fóònù tó ń bá wọn kà á, bíbò yẹn fúnra rẹ̀ ti yanjú ìdajì. Fún ìdajì kejì, ẹ ní kí wọ́n fi ọwọ́ ya ohun tí àwọn olùwádìí náà ṣe: ta ni wọ́n mú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbo, wọ́n wò ó pẹ̀lú kí ni, wọ́n kà á sí apá wo. Nínú kíláàsì ni kí wọ́n ti yà á, lójú yín. Ẹ kò nílò ẹni tó mọ àwòrán yà. Ibi tí ọmọ bá ti dúró tí kò mọ ohun tí yóò yà tẹ̀ lé e, ibẹ̀ gan-an ni kò yé e, òun fúnra rẹ̀ á sì rí i.

Èdè wá ńkọ́? Èyí ká mi lára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn ní èdè tí ọkàn wọn ti ń ronú. Àwọn ọmọ Owé á sọ tiwọn, àwọn Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú á sọ tiwọn, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo kíláàsì yín ló gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ Ebira wà níbẹ̀, Igala wà níbẹ̀, Nupe wà níbẹ̀. Kí wọ́n yan ẹgbẹ́ tó gbọ́ ara wọn, tàbí kí wọ́n sọ pijin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ èsì ìjíròrò wọn sílẹ̀, nítorí pé òun ni wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn gbogbo, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. N kò rí ìdí tí ohun tó ran ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ láti ronú kò fi ní ran ọmọ ogún ọdún lọ́wọ́.

Olórí ẹ̀ka yín lè béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni ti dán ọ̀nà yìí wò. Bẹ́ẹ̀ ni. Sally Hoskins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní City College ti New York gbé èyí tí wọ́n pè ní CREATE jáde nínú jọ́nà Genetics ní 2007. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ sókè yìí, bíbo ìsọníṣókí, yíya ohun tí wọ́n ṣe, gbígbèrò àyẹ̀wò tó kàn, wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ní kí àwọn ọmọ jókòó bí ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìwádìí, kí wọ́n yan èyí tó dára jù nínú àbá ara wọn, kí wọ́n sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ pépà náà. Ìrònú àwọn ọmọ náà jinlẹ̀ sí i, ojú tí wọ́n fi ń wo onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pàápàá yí padà. Ní 2013, Hoskins àti Alan Gottesman gbé iṣẹ́ jáde lórí èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì: ní ọdún 2013 kan náà, Miriam Segura-Totten àti Nancy Dalman fi CREATE wé ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń jíròrò pépà, wọn kò sì rí i pé ó mú ìrònú jinlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Èrò mi ni pé orúkọ ọ̀nà kò ṣe pàtàkì. Tí ọmọ bá ti jókòó ti èsì tó sì ń bá a jà, iṣẹ́ ti ń lọ. Ẹ má ra orúkọ ọ̀nà kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ẹ ó ti rí pépà kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Pépà Allison wà ní PubMed Central, ibi ìkópèpàjọ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé British Medical Journal àtijọ́. African Journals Online ní iṣẹ́ àwọn ará wa. Ẹ béèrè Research4Life, ètò tó ń ṣí jọ́nà sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkàwé yín. Tí pépà kan bá wà lẹ́yìn owó, ẹ kọ ìwé sí ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ránṣẹ́, inú wọn sì máa ń dùn pé ẹnì kan ní Kàbà ń kà á. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn jọ́nà tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí wọ́n sì ń tẹ pépà jáde láàrin ọjọ́ mélòó kan láìsí pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pọ̀ láàrin wa, ọmọ kò sì lè dá wọn mọ̀. Fún àwọn ọmọ ọdún tó kẹ́yìn, ó tilẹ̀ dára kí ẹ kọ́ wọn ní pépà Andrew Wakefield tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR pọ̀ mọ́ autism, tó jáde nínú Lancet ní 1998 lórí ọmọ 12 péré, tí wọ́n sì fà padà ní 2010, kí wọ́n lè rí i pé orúkọ jọ́nà ńlá kò sọ pépà di òtítọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ máàkì, nítorí pé ohun tí a kò bá fún ní máàkì, ọmọ kì í kà á. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì wa, gbé kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló wá láti ọ̀dọ̀ NUC, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló sì ń pinnu ìdá 30 tó kù. Tí ilé ẹ̀kọ́ yín bá wà lábẹ́ ètò yẹn, ẹ béèrè fún àyè nínú 30 yẹn. Tí kò bá ṣeé ṣe ní sáà yìí, ẹ yọ máàkì mẹ́wàá nínú ti àárín sáà. Ẹ má bi wọ́n nípa pépà tí ẹ ti jọ kà. Èyí tí ẹ bá bi nípa rẹ̀ ni wọn yóò há sórí. Ẹ fún wọn ní àtẹ tí wọn kò rí rí, ìlà mẹ́rin péré, pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta lórí bí wọ́n ṣe rí i. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí ni àtẹ yìí fi hàn, kí ni kò lè fi hàn, àyẹ̀wò wo ni ìwọ yóò ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ fún ìbéèrè kejì ní máàkì tó pọ̀ jù. Ọmọ tó bá kọ gbólóhùn méjì tó mọ́gbọ́n wá níbẹ̀, kódà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá wọ́, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ pé.